Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ fún Ẹ̀dọ̀ àti Ohun Tó Lè Sọ nípa Aláìsàn Rọpárọsẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọpọlọ ni rọpárọsẹ̀ ń bá jà. Kí ló wá kan ẹ̀dọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Rọpárọsẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, tàbí nígbà tí irú iṣan bẹ́ẹ̀ bá bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì ya sínú ọpọlọ. Ọ̀nà méjèèjì ni ọwọ́ ẹ̀dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, òun kan náà ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kọjá bó ṣe yẹ. Òun ló ń ṣe púpọ̀ nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ara, òun ló ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ de ìgbà tí ara bá nílò rẹ̀, òun ló sì ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń fún aláìsàn rọpárọsẹ̀ kí wọ́n tó jáde kúrò lára.

Yàtọ̀ sí èyí, ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ sábà máa ń jẹ́ ohun kan náà tó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́: ọtí àmujù, ìsanrajù, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá àpọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ọ̀rá ti kún inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ọkàn àti ọpọlọ rẹ̀ náà wà nínú ewu. Nítorí náà, bí a bá rí ohun tí kò tọ́ nínú àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ ká gbójú fò ó.

Àwọn nǹkan wo ni wọ́n ń wò nínú àyẹ̀wò náà?

Wọ́n máa ń fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá, wọn a sì wọn oríṣiríṣi èròjà nínú rẹ̀. ALT àti AST jẹ́ ẹńsáìmù tó ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fara gbọgbẹ́, wọn a jò sínú ẹ̀jẹ̀. ALP àti GGT máa ń ga nígbà tí òróòro kò bá ráyè ṣàn dáadáa. Bílírúbìn ni èròjà aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń jẹ yọ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ bá gbó tí ó sì fọ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó o kúrò, òun ló sì máa ń pọ́n ojú nígbà tí ibà pọ́njú bá ń ṣeni. Álíbúmìn ni púrótéènì tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ nìkan ló sì ń ṣe é. INR ní tirẹ̀ ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì tó: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì.

Ìyàtọ̀ kan wà níbí tó yẹ kí olúkúlùkù mú dání, nítorí òun ni ìdáhùn tó kù dúró lé lórí. ALT àti AST ń sọ bóyá ẹ̀dọ̀ ń fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Álíbúmìn àti INR ni wọ́n ń sọ bóyá ẹ̀dọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ALT rẹ̀ ga gan-an lè ní ẹ̀dọ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹni tí ALT rẹ̀ sì wà ní bó ṣe yẹ lè ní ẹ̀dọ̀ tó ti gbó kọjá ààlà, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù níbẹ̀ kò pọ̀ tó èyí tí ẹńsáìmù lè jò lára wọn.

Ìwọ̀n wo ló yẹ kí ènìyàn ní?

Ilé àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì lórí ìwé. Ní gbogbogbòò, álíbúmìn àgbàlagbà máa ń wà láàárín gíráàmù 35 sí 50 nínú lítà kan. Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò máa ń fi nǹkan bíi 40 ṣe òkè ALT. INR ẹni tí kò lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì máa ń wà nítòsí 1.

Bí ìwé èsì méjì láti ibi méjì bá yàtọ̀ gan-an, ẹ kọ́kọ́ wo òṣùwọ̀n tí wọ́n lò. Ibì kan lè kọ álíbúmìn ní 38, kí ibòmíràn kọ ọ́ ní 3.8, nítorí pé ìkíní fi lítà wọ̀n ọ́, èkejì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà wọ̀n ọ́. Bílírúbìn tí wọ́n kọ ní 1 mg/dL ní ibì kan jẹ́ nǹkan bíi 17 µmol/L ní ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni ọkàn wọn ti já lásán nítorí èyí.

Ṣé ó yẹ kí wọ́n dúró de èsì ẹ̀dọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rọpárọsẹ̀?

Rárá, àfi nígbà tí ìdí pàtàkì bá wà. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀jẹ̀ kò fi dé ọpọlọ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń kú. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ká, irú bíi alteplase àti tenecteplase, ni wọ́n sábà máa ń fún aláìsàn láàárín wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ sí ìgbà tí àmì àìsàn bẹ̀rẹ̀, bí ó bá sì ṣe tètè wọlé sí lára ni àǹfààní rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ ni yíya àwòrán ọpọlọ láti mọ̀ pé iṣan kò bẹ́, àti wíwọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n lè gún ìka wò lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni bí aláìsàn bá ní àìsàn ẹ̀dọ̀ tí a mọ̀, bí ojú rẹ̀ bá pọ́n, bí ikùn rẹ̀ bá kún fún omi, tàbí bí ó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ wo INR àti iye platelet rẹ̀, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ tó máa ń so mọ́ra láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé ni pé bí INR bá ju 1.7 lọ, tàbí bí platelet kò bá tó 100,000 nínú máíkírólítà kan, wọn kì í sábà fún un ní oògùn náà nítorí ewu kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé aláìsàn wá gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ àìsàn ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kí ó má dúró kí wọ́n bi í.

Kí ni wọ́n ní lọ́kàn bí wọ́n bá sọ pé “àbájáde” rọpárọsẹ̀?

Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, wọ́n máa ń fi òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní modified Rankin wọn aláìsàn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Òdo ni ti ẹni tí kò ní àmì àìsàn kankan mọ́, 6 ni ti ẹni tó ti kú, àwọn nọ́ńbà àárín sì ń fi hàn bí ènìyàn ṣe nílò ìrànlọ́wọ́ tó láti rìn, láti wẹ̀ àti láti ṣe ohun tirẹ̀. Wọ́n tún máa ń wo bóyá rọpárọsẹ̀ padà wá, bóyá ẹ̀jẹ̀ ya sínú ibi tí iṣan ti dí, àti bóyá àìsàn mìíràn bíi òtútù àyà wọlé sí i.

Álíbúmìn aláìsàn wa kéré. Kí ni ó túmọ̀ sí?

Nínú gbogbo èròjà tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí, álíbúmìn ni ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ju ti àwọn ìyókù lọ. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n fi wo àwọn aláìsàn láti ìgbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn ti rí i pé àwọn tí álíbúmìn wọn kéré ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń ní àbájáde tí kò dára, tí àìsàn àkóràn ń tètè mú, tí ikú sì ń pa ju àwọn tí tiwọn pé lọ. Álíbúmìn máa ń fa omi mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ń gbé oògùn àti èròjà kiri, ó sì ń gba ara lọ́wọ́ àwọn èròjà tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yára dá ẹ̀bi lé ẹ̀dọ̀ lórí. Álíbúmìn lè kéré nítorí pé ẹ̀dọ̀ kò ṣe é tó, ó sì tún lè kéré nítorí pé kíndìnrín ń dà á nù sínú ìtọ̀, nítorí pé ènìyàn kò jẹun kánú fún ìgbà pípẹ́, tàbí nítorí pé àkóràn wà lára. Bí ara bá ń bá àkóràn tàbí ọgbẹ́ ńlá jà, ẹ̀dọ̀ a dín ṣíṣe álíbúmìn kù láti ráyè ṣe àwọn púrótéènì ìjà. Ó tún yẹ ká mọ̀ pé ó máa ń gba nǹkan bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdajì álíbúmìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó tán. Nítorí ìdí èyí, álíbúmìn tó ti kéré gan-an ní wákàtí àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ìtàn ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn náà tipẹ́ ṣáájú ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ kọlù ú.

Ṣé kí wọ́n kúkú fa álíbúmìn sí i lára?

Èrò yìí ti gba ọkàn àwọn onímọ̀ rí, wọ́n sì ti dán an wò dáadáa. Nínú ìwádìí ńlá kan tó ń jẹ́ ALIAS, wọ́n fún àwọn aláìsàn tí iṣan ọpọlọ wọn dí ní álíbúmìn gíráàmù 2 fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara láàárín wákàtí márùn-ún sí ìgbà tí àmì àìsàn bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní omi iyọ̀. Èsì apá kejì ìwádìí náà, tí aláìsàn 841 wà nínú rẹ̀, jáde ní ọdún 2013. Àwọn tí ara wọn yá dáadáa jẹ́ 44 nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹgbẹ́ méjèèjì. Ibi tí ìyàtọ̀ gbé wà ni pé omi kún ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó gba álíbúmìn ju ti àwọn yòókù lọ: nǹkan bíi 13 nínú ọgọ́rùn-ún sí ẹyọ kan.

Lóòótọ́, kì í ṣe kìkì àwọn tí álíbúmìn wọn kéré ni wọ́n yàn sínú ìwádìí náà. Síbẹ̀, ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tó lágbára: àmì lè bá ewu rìn láìjẹ́ pé òun ló fa ewu náà. Ohun tó tọ́ láti ṣe fún aláìsàn tí álíbúmìn rẹ̀ kéré ni kí wọ́n wá ìdí rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ó lè gbé oúnjẹ mì láìséwu, nítorí pé rọpárọsẹ̀ máa ń ba ọ̀nà ọ̀fun jẹ́. Ẹ béèrè bóyá oúnjẹ tí ń gba inú rọ́bà imú wọlé tó, àti bóyá wọ́n ti yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

AST ga, ALT kò fi bẹ́ẹ̀ ga. Ṣé ẹ̀dọ̀ ló ń bàjẹ́?

Kò dájú, ìbéèrè yìí sì yẹ fún sùúrù. ALT pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ju ibòmíràn lọ, ṣùgbọ́n AST wà nínú ẹran ara, nínú ọkàn àti nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin arúgbó kan tí rọpárọsẹ̀ kọlù lóru nígbà tó ń lọ sí ilé ìtọ̀, tó ṣubú sórí apá òsì rẹ̀, tí kò lè pariwo, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹran itan àti èjìká tó dùbúlẹ̀ lé lórí fún wákàtí púpọ̀ yóò ti fara gbọgbẹ́. AST rẹ̀ lè di 180 kí ALT rẹ̀ wà ní 50. Bí wọ́n bá wọn èròjà CK, tó ń fi ọgbẹ́ ẹran ara hàn, wọ́n lè bá a ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kíndìnrín ni irú èsì bẹ́ẹ̀ ń kìlọ̀ fún, nítorí pé ohun tó ń jò láti ara ẹran lè dí i. Omi ni ó nílò kíákíá, kì í ṣe oògùn ẹ̀dọ̀.

Fernando De Ritis, onímọ̀ ìṣègùn ará Ítálì, ló kọ́kọ́ sọ ní ọdún 1957 pé ó ṣàǹfààní láti fi AST pín sí ALT. Bí AST bá fi ìlọ́po méjì ju ALT lọ, ọtí àmujù ni dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ fura sí. Àwọn ìwádìí kan ti rí i pé aláìsàn rọpárọsẹ̀ tí èsì pínpín yìí ga fún kì í sábà ṣe dáadáa tó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí sọ àsọtẹ́lẹ̀ lórí ẹnì kan ṣoṣo, nítorí pé ẹni tí rọpárọsẹ̀ rẹ̀ le jù ni ó ṣeé ṣe jù kó wà nílẹ̀ pẹ́.

ALP àti GGT ńkọ́?

Àwọn ìwádìí láti orílẹ̀-èdè mélòó kan ti so ALP tó ga pọ̀ mọ́ ikú lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, wọ́n sì ti so GGT tó ga pọ̀ mọ́ ewu kí rọpárọsẹ̀ tilẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ALP ń ti inú egungun wá pẹ̀lú, ó sì lè ga lára ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ nígbà tó ṣubú. GGT ń ga nítorí ọtí, nítorí ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀, àti nítorí àwọn oògùn kan. Phenytoin, tí wọ́n máa ń fún ẹni tí gìrì mú lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, lè gbé GGT sókè láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ṣèṣe. Bí méjèèjì bá ga pọ̀, òróòro ni kí ẹ fura sí. Bí ALP nìkan bá ga, ẹ ronú kan egungun.

Mo gbọ́ pé bílírúbìn ń dáàbò bo ara. Báwo ló ṣe tún jẹ́ àmì ewu?

Òótọ́ ni apá méjèèjì. Ní ọdún 1987 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé bílírúbìn lè gbógun ti àwọn èròjà tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní Gilbert, tí bílírúbìn wọn máa ń ga díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn láìsí àìsàn ẹ̀dọ̀ kankan, ọ̀pọ̀ ìwádìí sì ti rí i pé àìsàn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀ láàárín wọn.

Ọ̀tọ̀ ni bílírúbìn tó bá ga nígbà tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlu ènìyàn. Àwọn ìwádìí kan rí i pé ó ń bá rọpárọsẹ̀ tó le rìn. Ó lè jẹ́ pé wàhálà tó dé bá ara ló gbé e sókè. Ó sì lè jẹ́ pé ọkàn aláìsàn náà kò lágbára mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń padà há sínú ẹ̀dọ̀. Ọkàn tó rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tí ìlù rẹ̀ kò dọ́gba, lè fi ẹ̀jẹ̀ dídì ránṣẹ́ sí ọpọlọ, kó sì tún mú bílírúbìn àti ALP ga lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá wo ẹ̀dọ̀ nìkan yóò gbàgbé ọkàn tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ni FIB-4, kí sì nìdí tí àwọn onímọ̀ rọpárọsẹ̀ fi ń bìkítà fún un?

FIB-4 jẹ́ ìṣirò tí wọ́n fi ń díwọ̀n bóyá àpá ti ń bo ẹ̀dọ̀ ènìyàn. Ẹ ó fi ọjọ́ orí ṣe ìsọdipúpọ̀ AST, ẹ ó wá pín in sí iye platelet tí ẹ ti fi gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì ALT sọ di púpọ̀. Ká ní ẹni ọdún 66 ní AST 50, ALT 36 àti platelet 150, ìyẹn ni pé 150,000. 66 lọ́nà 50 jẹ́ 3,300. Gbòǹgbò 36 jẹ́ 6, 150 lọ́nà 6 sì jẹ́ 900. Bí a bá pín 3,300 sí 900, a ó rí nǹkan bíi 3.67. Èyí ju 2.67 lọ, ibi tí wọ́n ti ń fura gidigidi pé àpá ti pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 1.3 kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ewu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń gbé ààlà ìsàlẹ̀ yìí sókè sí 2.0 fún ẹni tó bá ti lé ní ọdún 65.

Ìdí tó fi jẹ mọ́ rọpárọsẹ̀ ni pé àpá lè máa bo ẹ̀dọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìrora, láìsí ibà pọ́njú, tí ALT àti bílírúbìn yóò sì wà ní bó ṣe yẹ. Láàárín àwọn tí iṣan ọpọlọ wọn bẹ́, àwọn ìwádìí ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó ya sábà máa ń tàn ká sí i lára àwọn tí ìṣirò bíi èyí bá fura sí, tí wọ́n sì ń kú ju àwọn yòókù lọ, kódà nígbà tí kò sí ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀dọ̀ wọn kò dá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kí ẹ sì gbà á gbọ́ pátápátá. Bí ẹran ara tó ṣèṣe bá gbé AST sókè, FIB-4 náà yóò ga lórí irọ́. Ó sàn kí wọ́n tún un ṣe nígbà tí ara bá ti balẹ̀, kí wọ́n sì lo ẹ̀rọ tó ń wọn líle ẹ̀dọ̀ bí ó bá ṣì ga.

Dókítà fẹ́ fún un ní statin, oògùn tó ń dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù, ṣùgbọ́n ALT rẹ̀ ga díẹ̀. Ṣé kò ní ba ẹ̀dọ̀ jẹ́?

Nínú gbogbo ìbéèrè, èyí ló ń dùn mí jù, nítorí pé ìbẹ̀rù ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dá oògùn tó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ kejì dúró. Nínú ìwádìí SPARCL, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2006, àwọn 4,731 tí rọpárọsẹ̀ tàbí ìkìlọ̀ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ló kópa. Àwọn kan lo atorvastatin, ọ̀kan lára àwọn statin, mílígíráàmù 80 lójúmọ́, àwọn kan lo oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Rọpárọsẹ̀ kọlu 11.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo atorvastatin àti 13.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò lò ó. Àwọn tí ẹńsáìmù ẹ̀dọ̀ wọn ga tí kò sì tètè sọ̀ jẹ́ 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, 0.5 ní ẹgbẹ́ kejì.

Nítorí náà, ó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀, kì í sì í sábà di àìsàn gidi. Ní ọdún 2012, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà yọ ìmọ̀ràn pé kí àwọn tó ń lo statin máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ látìgbàdégbà kúrò. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò bí ìdí bá wà. Ẹni tí ALT tàbí AST rẹ̀ bá ju ìlọ́po mẹ́ta òkè ìwọ̀n lọ, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú gbọ́dọ̀ rí dókítà kíákíá. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kàn ní ọ̀rá nínú tí ALT rẹ̀ sì ga díẹ̀ sábà máa ń lè lò ó láìséwu.

Àwọn oògùn mìíràn wo ló lè yí èsì ẹ̀dọ̀ padà lẹ́yìn rọpárọsẹ̀?

Paracetamol bí ó bá kọjá ìwọ̀n, pàápàá lára ẹni tó ti rù tàbí tó ń mutí. Valproate àti phenytoin fún gìrì. Àti àwọn oògùn apakòkòrò kan, irú bíi amoxicillin tí wọ́n pò mọ́ clavulanate, tí ìpalára rẹ̀ lè fara hàn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ènìyàn ti lò ó tán. Egbòogi náà wà lára wọn. Ẹ sọ gbogbo ohun tí aláìsàn ń lò fún dókítà láìfi ọ̀kan pamọ́, nítorí pé kò sí àyẹ̀wò kankan tó lè dá sọ orúkọ ohun tó ṣe é léṣe.

Ṣé àìsàn ẹ̀dọ̀ lè dà bíi rọpárọsẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti dẹ́kun iṣẹ́, àwọn ìdọ̀tí tí ì bá kó kúrò yóò dé ọpọlọ. Ènìyàn a máa sọ ìsọkúsọ, oorun a máa kùn ún, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n bíi ìyẹ́ ẹyẹ bí ó bá nà án síwájú. Ṣúgà rẹ̀ tún lè lọ sílẹ̀ gan-an, èyí tó lè mú kí ẹ̀gbẹ́ kan rọ gẹ́gẹ́ bíi ti rọpárọsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá lè ní rọpárọsẹ̀ gidi. Bí ẹnu bá wọ́ tàbí tí apá kan bá rọ, wọ́n gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀ bí ó ti wù kí ìtàn ẹ̀dọ̀ rẹ̀ rí.

Ṣé èsì àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ lè sọ ẹni tó máa yè àti ẹni tí kò ní í yè?

Kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tó wúwo jù nínú ìrètí aláìsàn ni bí rọpárọsẹ̀ náà ṣe le tó ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tó bá nínú ọpọlọ, àti bí ìtọ́jú ṣe yá tó. Àwọn ìwádìí tó so èròjà ẹ̀dọ̀ pọ̀ mọ́ àbájáde ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pọ̀ ènìyàn lápapọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ èyí tí wọ́n kàn fi ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láìdán ìtọ́jú kankan wò. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé álíbúmìn kan tàbí ALP kan ló ní kí ẹ gbàgbé nípa ẹni yín, ẹ má gbà.

Ibi tí wọ́n ti wúlò gan-an ni kí dókítà mọ ẹni tí yóò tọ́jú pẹ̀lú àfiyèsí tó pọ̀ sí i: ẹni tí àkóràn lè tètè mú, ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó, ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ dín ìwọ̀n oògùn rẹ̀ kù.

INR rẹ̀ ti ga láìlo oògùn, ìlù ọkàn rẹ̀ kò sì dọ́gba. Ṣé ó ṣì nílò oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì?

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ mú INR ga ti ní ààbò lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀dọ̀ tó ti di àpá bá dín àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù, ó ń dín protein C, protein S àti antithrombin kù pẹ̀lú, àwọn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dídì dúró. INR kì í rí apá kejì yìí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà lórí òṣùwọ̀n tó lè tẹ̀ sí ibikíbi: ẹ̀jẹ̀ lè ya lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì lára rẹ̀.

Warfarin, oògùn àtijọ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ṣòro láti lò fún un, nítorí pé INR láàárín 2 sí 3 ni wọ́n ń lépa, tirẹ̀ sì ti ga kí ó tó gbé oògùn kankan mì. Fún àwọn oògùn tuntun tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, bíi rivaroxaban àti apixaban, dókítà máa ń fi òṣùwọ̀n Child-Pugh pín àìsàn ẹ̀dọ̀ sí A, B àti C, nípa wíwo bílírúbìn, álíbúmìn, INR, omi inú ikùn àti ipò ọpọlọ. Ní ipò A, wọ́n sábà máa ń lè lò wọ́n. Rivaroxaban kò yẹ fún ẹni tó wà ní B tàbí C. Apixaban ṣeé lò ní B pẹ̀lú ìṣọ́ra, wọn kì í sì í gbà á níyànjú ní C. Ó tún yẹ kí wọ́n wo ọ̀nà ọ̀fun pẹ̀lú ẹ̀rọ kámẹ́rà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn iṣan tó máa ń wú níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ti le. Onímọ̀ ọpọlọ, onímọ̀ ọkàn àti onímọ̀ ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó jókòó pọ̀ lórí irú ìpinnu yìí, kí wọ́n sì tún un gbé yẹ̀ wò nígbàkigbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ bá yí padà.